Èsì wa sí ẹ̀gbọ́n wa ní Lawanson, lórí mótò maṣíìnì tó ń dá sáré

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ kọ ọ́ síbí pé servo motor (mótò iná tó ń yí maṣíìnì) tí ẹ rà lọ́wọ́ wa ní Mushin, tí ẹ ní kí wọ́n fi sí maṣíìnì ìránṣọ Juki tòkunbọ̀ yín, ń dá sáré láìjẹ́ pé ẹ fẹsẹ̀ kàn án, pé òwú ń ta kókó nísàlẹ̀ aṣọ, pé ayédèrú ni, àti pé ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ pè wá kí a tó gbé fóònù. Ìràwọ̀ méjì lẹ fún wa. Ti fóònù yẹn, ẹ̀bi wa ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú.

Mo ti wá sọ́dọ̀ yín lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ sì mọ ohun tí a bá níbẹ̀. Nítorí àwọn aránṣọ mìíràn ni mo ṣe ń kọ ìyókù.

Mo kọ́kọ́ yọ wáyà kúrò lára iná. Ẹnikẹ́ni tí tirẹ̀ bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ má fọwọ́ dé ìdí abẹ́rẹ́ nígbà tí iná ṣì wà. Abẹ́rẹ́ ti gún èékánná ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ kan já lójú mi rí. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ tábìlì. Ọ̀pá irin tó so ìtẹ̀ (ibi tí a ń fẹsẹ̀ tẹ̀) mọ́ apá mótò, ti mótò àtijọ́ ni wọ́n tún lò, wọ́n sì dè é kúrú jù. Ẹsẹ̀ yín kò sí níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pá náà ti fa apá mótò wálẹ̀. Mótò àtijọ́ ń fẹ́ agbára ẹsẹ̀. Apá servo fúyẹ́, ìwúwo ìtẹ̀ nìkan tó láti mú un gbéra. Mo tú nọ́ọ̀tì, mo fi ìbú ìka kan kún gígùn ọ̀pá náà, ó sì dákẹ́ jẹ́ẹ́. Àwọn servo kan wà tí kì í gbéra rárá bí ìtẹ̀ bá ti wà nílẹ̀ kí iná tó dé. Èyí tí mo tà fún yín kò ní ààbò yẹn, ó sì yẹ kí n ti sọ ọ́ kí ẹ tó sanwó.

Ti òwú ńkọ́? Léèsì aláwọ̀ osùn yẹn, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti dì bí irun dàda. Mo fọwọ́ yí wíìlì, ó rán dáadáa. Mo tan iná, mo tẹ̀ ẹ́, wíìlì ń yí sẹ́yìn! Orí wíìlì gbọ́dọ̀ máa bọ̀ wá sọ́dọ̀ ẹni tó jókòó. Bí ó bá yí sódì, ìkọ́ ìdí bọ́bìn kò ní lè gbá òwú abẹ́rẹ́ mú. Bọ́tìnnì ara mótò la fi tún un ṣe, kò gbà wá ní ìṣẹ́jú méjì. Ẹni tó bá yín fi mótò náà sí i ti fẹ́ tú ìkọ́ yẹn kó sún un kúrò níbi tó wà. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ẹ dá a dúró, nítorí ìkọ́ náà kò ní àrùn kankan. Mi ò sì dá a lẹ́bi: èdè Ṣáínà ni wọ́n fi kọ ìwé inú páálí.

Bẹ́líìtì náà le jù, a ti dẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá fi ìka tẹ àárín rẹ̀, kó wọlé bíi mìlímítà 15.

Mótò yín kì í ṣe ayédèrú, ẹ̀gbọ́n mi, àlàyé ni mi ò fún yín. Mo ti ń kọ ìwé tiwa ní Yorùbá tí yóò máa wà nínú páálí kọ̀ọ̀kan. Owó iṣẹ́ tí ẹ san fún ẹni tó bá yín fi mótò náà sí i, mo ti fi ránṣẹ́ láàárọ̀ yìí. Bí òwú bá tún ta kókó, ẹ pe nọ́ńbà tí mo fi ṣọ́ọ̀kì kọ sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì yín. Èmi ni yóò gbé e.