Mọ́tò tí wọn ò ní wà, kí ni wọ́n ń rà á fún?

Ọ̀rọ̀ yìí máa ń bí mi nínú gan-an o. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti ta mọ́tò olówó ńlá ní gbàǹjo, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń fi yangàn ni pé kò tíì rìn. McLaren F1 kan tí wọ́n tà ní Pebble Beach, ní Amẹ́ríkà lọ́hùn-ún, lọ́dún 2021, ó lé ní mílíọ̀nù 20 dọ́là, láti 1995 tó ti wà láyé kò tíì rin 400 kìlómítà! Irú mọ́tò yẹn mà ni wọ́n fi sá eré tó tó 386 kìlómítà ní wákàtí kan lọ́dún 1998, tí wọ́n fi góòlù tẹ́ ibi tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà nítorí ooru, ẹ wá lọ tì í mọ́ gáréèjì bí ẹrú.

Ti Ferrari 250 GTO yé mi. 36 péré ni wọ́n ṣe láàárín 1962 sí 1964, èyí tí wọ́n tà ní mílíọ̀nù 48 dọ́là lọ́dún 2018 ti sáré ìdíje, ó ti gba ife ẹ̀yẹ, ìtàn lẹni tó rà á sanwó fún.

Ṣùgbọ́n ti òde òní, àwọn kọ́ńpìnnì ló ń mọ̀ọ́mọ̀ sọ ọ́ di ọ̀wọ́n. LaFerrari tí iléeṣẹ́ Ferrari ṣe, 499 ni wọ́n láwọn máa tà, àwọn fúnra wọn ló sì yan ẹni tó rà á, tóo bá lówó lọ́wọ́ tóò bá tíì ra Ferrari mélòó kan tẹ́lẹ̀, gbàgbé ẹ̀. Ẹni tó wá rí i rà ò ní lè wà á torí bó bá ṣe ń rìn sí i lowó ẹ̀ ń já wálẹ̀. Kí ló dé gan-an? Ẹ wa mọ́tò yín jàre!