Ẹ má yọ thermostat dànù

Ẹ̀yin ará, ẹ má tẹ̀ lé ìmọ̀ràn pé nítorí oòrùn ilẹ̀ wa, kí a yọ thermostat, ìyẹn ọmọ ẹ̀rọ tó ń ṣí ọ̀nà fún omi tó ń mú ẹ́ńjìnì ọkọ̀ tutù, kí ẹ́ńjìnì má baà hó. Thermostat kì í ṣí títí omi yóò fi gbóná dé nǹkan bí 82 sí 90 lórí ìwọ̀n Celsius. Ẹ́ńjìnì tí kò ní in á pẹ́ kó tó gbóná bó ṣe yẹ, á sì máa mu epo jù. Bí thermostat bá há, tuntun ni kẹ́ ẹ fi sí i.

Bó bá jẹ́ inú sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ nìkan ni ọkọ̀ ti ń gbóná, tí ara rẹ̀ ń silẹ̀ tẹ́ ẹ bá ti ń sáré, fáànù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣí ìdérí rédíétọ̀ tó ṣì gbóná. Omi rẹ̀ á bó yín lójú.