Kí Káńsù Sọ Ohun Tí Yóò Dúró

Bí ìgbìmọ̀ tuntun bá ti gorí àlééfà ní ìjọba ìbílẹ̀, kì í pẹ́ tí wọ́n fi ń gbé ìwé ètò ọlọ́jọ́ pípẹ́ jáde. Gbogbo ohun tí ará ìlú lè béèrè ló máa ń wà níbẹ̀: ọ̀nà, omi, ilé ìwòsàn, ààbò, iṣẹ́ fún ọ̀dọ́, ọjà, pápá ìṣeré. Gbogbo rẹ̀ náà ni wọ́n á sì ní ó jẹ àwọn lógún. Àwa kò fara mọ́ èyí rárá. Ohun púpọ̀ tó báyìí kò lè ṣíwájú lẹ́ẹ̀kan náà. Ètò tí kò bá sọ ohun tí yóò dúró, tí kò sì sọ ìdí tó fi máa dúró, kò tíì di ètò. Ìlérí lásán ni wọ́n kó jọ.

A mọ ohun tó ń ba àwọn olóṣèlú lẹ́rù. Kánsẹ́lọ̀ tó bá dìde sọ pé ọ̀nà àdúgbò báyìí kò ní rí àtúnṣe títí ọdún mẹ́rin, ó mọ̀ pé ìbò àdúgbò náà lè bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bó bá panu mọ́, owó kò ní torí ẹ̀ pọ̀ sí i. Àwọn kan ṣì máa dúró náà ni, àwọn tí kò lẹ́nu níbi tí wọ́n ti ń pín in ló sì sábà máa ń jẹ́. Wọn kò ní mọ̀ pé wọ́n ti fi àwọn sẹ́yìn, wọn kò sì ní rí ìwé kankan dì mú láti fi béèrè. Ẹni tí wọ́n bá sọ fún pé ó di ọdún kẹta lè wá béèrè nígbà tí ọdún kẹta bá pé.

Ẹ wo Northamptonshire nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2017, káńsù ibẹ̀ ṣí olú ilé iṣẹ́ tuntun tí wọ́n fi mílíọ̀nù 53 owó pọ́ùn kọ́. Nígbà tó máa di oṣù kejì ọdún 2018, ọ̀gá tó ń bójú tó ìṣúná wọn ti fọwọ́ sí ìwé pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe náwó tuntun mọ́, àfi sórí iṣẹ́ tí òfin sọ di dandan. Ọdún yẹn náà ni wọ́n ta ilé ọ̀hún, tí wọ́n sì padà di ayálégbé nínú rẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2021, wọ́n pa káńsù náà rẹ́, wọ́n sì fi méjì mìíràn rọ́pò rẹ̀. Lóòótọ́, kì í ṣe ilé yẹn nìkan ló kó bá wọn. Owó tí ìjọba ní London ń fún wọn ti dín kù, ìnáwó lórí ìtọ́jú àwọn arúgbó ń pọ̀ sí i, wọ́n sì ti lo ọ̀pọ̀ ọdún láì fi kún owó orí. Gbogbo èyí ni wọ́n rí kí ilé náà tó parí. Wọn kò kàn jókòó pinnu èyí tó yẹ kó dúró ni.

Ní tiwa, ohun tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló yẹ kó ṣíwájú nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀: afárá tó ń sán, gọ́tà tó dí, páìpù tó ti gbó. Òfin New Zealand gbìyànjú níhìn-ín. Ó ní kí káńsù kọ̀ọ̀kan ṣe ètò tó kéré tán jẹ́ ti ọdún 10, kí wọ́n máa tún un ṣe ní ọdún mẹ́ta mẹ́ta. Lọ́dún 2014, wọ́n tún sọ ọ́ di dandan kí wọ́n kọ ètò ọdún 30 fún ọ̀nà, omi àti ibi tí ẹ̀gbin ń ṣàn gbà, nítorí páìpù abẹ́ ilẹ̀ máa ń pẹ́ ju sáà alága èyíkéyìí lọ. Síbẹ̀, òfin nìkan kò tó. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2016, òjò ńlá gbé ìgbẹ́ àgùntàn wọ inú omi abẹ́ ilẹ̀ tí ìlú Havelock North ń mu, bẹ́ẹ̀ wọn kì í fi oògùn apakòkòrò sí omi náà. Ó lé ní 5,000 ènìyàn tí àìsàn kọ lù nínú ìlú tí àwọn ará ibẹ̀ tó nǹkan bí 14,000. Ìgbìmọ̀ ìwádìí rí i pé àwọn káńsù tí ọ̀rọ̀ náà kàn kò ṣe ojúṣe wọn bó ṣe yẹ.

Àwọn kan á ní ará ìlú kò ní sùúrù fún iṣẹ́ tí ojú kò rí, pé ohun tó ń dán ni wọ́n ń fẹ́. Porto Alegre ní Bràsíìlì já wọn nírọ́. Lọ́dún 1989 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn ará àdúgbò jọ, kí wọ́n fẹnu ara wọn to ohun tí wọ́n fẹ́ tẹ̀ lé ara wọn, àdúgbò tí ìyà ń jẹ jù sì rí púpọ̀ gbà nínú owó náà. Omi àti páìpù ẹ̀gbin wà lára ohun tí wọ́n tẹnu mọ́ jù. Báǹkì Àgbáyé ní ilé tí ọwọ́ wọn tẹ ìwọ̀nyí kúrò ní ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún 1988, ó dé ìdá 98 lọ́dún 1997. Bí ẹ bá fi iye owó tó wà han àwọn ènìyàn, wọ́n mọ ohun tó ń dun wọ́n.

Òótọ́ ni pé omíyalé tàbí àjàkálẹ̀ àrùn lè da ètò rú. Kí wọ́n tún ètò náà tò nígbà náà, ṣùgbọ́n kí wọ́n kéde ohun tí wọ́n tì sẹ́yìn àti ọdún tí wọ́n tì í sí. Kí iye owó àti orísun rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Kí ojú ewé kan wà fún ohun tí kò ní ṣeé ṣe láàárín sáà yìí, kí wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri káńsù níbi tí gbogbo ènìyàn ti lè kà á. Ìwé ètò tí alága bá gbé wá tí kò ní ojú ewé yìí, kí àwọn kánsẹ́lọ̀ má ṣe dìbò fún un, kí wọ́n dá a padà fún un lọ́jọ́ náà gan-an.