Ata tí mo fi oṣù márùn-ún tọ́, àti hámpà tó dé lọ́jọ́ kan

Láàárọ̀ àná, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin gbé fọ́tò hámpà kan sórí status WhatsApp rẹ̀. Apẹ̀rẹ̀ ńlá, ọ̀rá tó ń dán, rìbọ́ọ̀nù pupa, ìgò mẹ́ta tó yọrí síta. Ohun tó kọ sábẹ́ rẹ̀ ni pé, "Ẹ̀bùn tó tù mí lára jù látìgbà tí mo ti bímọ." Inú èmi náà ń dùn títí mo fi tẹ fọ́tò náà kó lè tóbi. Ẹ̀yìn hámpà yẹn, lójú fèrèsé, ni mo ti rí ata mi. Ó ṣì wà nínú ọ̀rá aláràbarà tí mo fi wé ìkòkò rẹ̀ lọ́jọ́ tí mo gbé e fún un. Ewé rẹ̀ ti rọ, ó so rọ̀ bí aṣọ tútù. Kò sí òdòdó kankan lórí rẹ̀ mọ́.

Ó dùn mí wọra. Mo da fóònù dojú bolẹ̀, mi ò lè fèsì. Mo ti gbàyè lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi kí n tó kọ èyí o, ó ní kí n kọ ọ́ bó ṣe rí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bá mi bọ̀ tipẹ́ mọ ata yẹn. Kóró mẹ́jọ ni mo rì sínú ike pẹlẹbẹ, kò jìn ju ìdajì sẹ̀ǹtímítà lọ, mo sì fi ọ̀rá tó mọ́ gaara bò ó lórí kí ọ̀rinrin àti ooru má bàa sá lọ. Kóró ata fẹ́ràn ooru. Bí erùpẹ̀ bá lọ́ wọ́ọ́rọ́ tó ìwọ̀n 25 sí 30 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ó lè hù láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́ta. Bí ó bá tutù, kóró náà lè jókòó síbẹ̀ títí yóò fi jẹrà. Ọjọ́ kẹtàlá ni ti àkọ́kọ́ yọjú. Márùn-ún ló hù lápapọ̀. Méjì nínú wọn wó lulẹ̀ lóru ọjọ́ kan, ìdí wọn ti tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú, nítorí pé mo bomi rin wọ́n jù. Mo sunkún lórí ewéko tí kò tó ìka, mi ò sì tijú láti sọ ọ́.

Mẹ́ta ló ṣẹ́kù. Èyí tó dúró dáadáa jù nínú wọn ni mo yà sọ́tọ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi nígbà tó sọ fún mi pé òun lóyún. Ẹ̀mí tí kò jata, ẹ̀mí yẹpẹrẹ ni: òun ló máa ń sọ ọ́ jù nínú ilé wa. Oṣù márùn-ún ni mo fi tọ́ ata yẹn. Mo pààrọ̀ ìkòkò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, bí gbòǹgbò ṣe ń yọ nísàlẹ̀. Mo ń gbé e tẹ̀ lé oòrùn láti fèrèsé kan sí èkejì. Nígbà tó yọ òdòdó, tí afẹ́fẹ́ inú yàrá kò sì tó nǹkan, mo máa ń fi ìka ta ẹ̀yìn òdòdó kọ̀ọ̀kan pẹ́pẹ́ láràárọ̀. Òdòdó ata ní akọ, ó ní abo nínú ara rẹ̀, kò dìgbà tí oyin bá dé. Mímì díẹ̀ ti tó kí lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ lè bọ́ síbi tó yẹ. Ọjọ́ tí mo gbé e síta kó gba oòrùn gidi, ẹyẹ kan bà lé e, ó jẹ méjì tó ti pọ́n. Ẹyẹ kì í mọ títa ata lẹ́nu. Ó máa ń gbé e mì, á fò lọ, á yàgbẹ́ kóró rẹ̀ síbòmíì. Bí ata ṣe ń rìn nínú igbó nìyẹn kí ọmọ èèyàn tó mọ̀ ọ́n gbìn. Mi ò bínú sí ẹyẹ yẹn, ṣùgbọ́n mi ò gbé ata náà síta láìsí àwọ̀n mọ́.

Ẹni tó bá ti ṣe gbogbo èyí fún oṣù márùn-ún yóò mọ ìdí tí fọ́tò yẹn fi gún mi lọ́kàn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ tẹnu mi nípa hámpà. Mo lọ sílé ẹ̀gbọ́n mi lọ́sàn-án àná, ó sì ní kí n bá òun tú u. Kí a tó kan oúnjẹ, ìwé tí wọ́n gé wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ la kọ́kọ́ kó. A kó o, a kó o, ó kún àpò ìdọ̀tí kan. Abẹ́ ìwé yẹn ni páálí òfìfo kan wà, tí wọ́n gbé sísàlẹ̀ kí oúnjẹ lè ga sókè, kí apẹ̀rẹ̀ lè dà bí èyí tó kún. Nígbà tí a to gbogbo rẹ̀ sórí tábìlì, nǹkan mẹ́jọ péré ni: páálí bisikíìtì méjì, ṣokoléètì, tíì, jáàmù, oyin ìgò kékeré, ẹ̀pà, àti ìgò ọbẹ̀ ata kan. Ọ̀kan nínú bisikíìtì yẹn, ọjọ́ mọ́kànlá ló kù kó kọjá ọjọ́ tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Abẹ́ pátápátá ni wọ́n sì kì í sí.

Ìgò ọbẹ̀ ata yẹn ló bí mi nínú jù. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, òfin ni pé ohun tó pọ̀ jù nínú oúnjẹ ni kó ṣáájú nínú àkọsílẹ̀ tó wà lára rẹ̀, kí èyí tó tẹ̀ lé e ní ìwọ̀n tẹ̀ lé e. Mo yí ìgò náà wo ẹ̀yìn. Omi ló ṣáájú. Ṣúgà tẹ̀ lé e. Fínígà. Ìyẹ̀fun tó ń mú un ki. Ipò karùn-ún ni ata wà, nínú ohun tí wọ́n kọ "ATA" gàdàgbà sí níwájú. Ìwé kékeré tí wọ́n so mọ́ ọrùn ìgò náà ní wọ́n ti yọ gbogbo kóró kúrò kó má bàa ta ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ yìí ti wọ́pọ̀ jù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí gbọ́: kóró kọ́ ló ń ta. Ara funfun inú ata, èyí tí kóró so mọ́, ibẹ̀ ni capsaicin tó ń ta wá lẹ́nu ti ń wá. Kóró kàn ń rí díẹ̀ gbà lára rẹ̀ nítorí pé wọ́n jọ ń gbé ni. Ẹni tó bá fẹ́ kí ata rẹ̀ rọjú díẹ̀, ara funfun yẹn ni kó fi ọ̀bẹ họ kúrò. Lọ́dún 1912 ni Wilbur Scoville, apòògùn ará Amẹ́ríkà, gbé ọ̀nà kan jáde láti wọn títa ata: á máa fi omi ṣúgà là á títí ẹnu àwọn tó ń tọ́ ọ wò kò fi ní mọ̀ ọ́n mọ́. Lórí òṣùwọ̀n rẹ̀, ata tí wọ́n ń pè ní jalapeño máa ń wà láàárín 2,500 sí 8,000, èyí tí wọ́n ń pè ní habanero sì máa ń wà láàárín 100,000 sí 350,000. Mo tọ́ èyí tó wà nínú ìgò yẹn wò. Ṣúgà nìkan ni mo mọ̀ lẹ́nu.

Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ní hámpà rọrùn, ó bójú mu, kò sí wàhálà níbẹ̀. Mo ti gbọ́ ìyẹn tó. Ohun tí mò ń sọ ni pé ó yẹ kí ọwọ́ ẹni tó fúnni hàn nínú ẹ̀bùn. Ẹni tó ra hámpà sanwó, ẹlòmíì ló yan ohun tó wà nínú rẹ̀, ẹlòmíì ló dì í, ẹlòmíì ló gbé e wá. Níbo ni ẹni tó fúnni wà níbẹ̀?

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni mo ṣe sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi. Mo wá bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú o, ata tí mo gbé wá fún yín yìí, ṣé kò wù yín ni?"

Kò dá mi lóhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ọmọ wà lápá òsì rẹ̀, ó ń mu ọmú. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún mú bisikíìtì kan, ó fi eyín ya ọ̀rá rẹ̀, ó jẹ ẹ́ tán kó tó sọ̀rọ̀.

"Ṣé o rí bí mo ṣe jẹ ìyẹn? Ọwọ́ kan ni mo ní báyìí. Láago mẹ́ta òru tí ọmọ yìí bá jí, tí ebi ń pa mí bí ẹni tí kò jẹun rí, ohun tí mo lè fọwọ́ kan ṣí ni mò ń wá. Ata rẹ dáa, mo fẹ́ràn ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti lajú, ó ń wò mí, èmi náà ń wò ó. Ó dà bíi pé ìbejì ni mo bí."

Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ. Ó tún ní, "Mò ń fún un lómi lójoojúmọ́ o. Bó ṣe ń rọ ni mò ń bomi sí i. O ò sọ nǹkan kan fún mi nípa ìtọ́jú ẹ̀."

Òótọ́ ni. Mi ò sọ. Mo lọ gbé ìkòkò náà, ó wúwo ju bó ṣe yẹ lọ. Ihò mẹ́rin tí mo fọwọ́ ara mi lu sísàlẹ̀ rẹ̀, ọ̀rá aláràbarà tí mo fi wé e ti dí gbogbo wọn. Omi ti dúró nínú ọ̀rá yẹn, ó ti ń rùn. Ata tí omi ń pa àti ata tí òùngbẹ ń gbẹ, bákan náà ni ewé wọn ṣe ń rọ: gbòǹgbò tó ti rà nínú omi kò lè fa omi sókè mọ́, ewé á wá máa gbẹ nígbà tí ìdí rẹ̀ wà nínú ọ̀gọ̀dọ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀, tó rí ewé tó rọ, omi ni yóò tún bù sí i. Ìka ló yẹ ká máa kì bọ erùpẹ̀ ká tó bomi rin ata. Bó bá ṣì tutù dé oríkèé àkọ́kọ́, ká fi í sílẹ̀. Gbólóhùn kan péré nìyẹn. Ì bá gba orí ìwé pélébé, mi ò sì kọ ọ́.

Kí ló dé tí mo tiẹ̀ fi wé ìkòkò náà? Mo fẹ́ kó dà bí ẹ̀bùn. Mo fẹ́ kó máa dán bíi hámpà.

Ọ̀rẹ́ tó fi hámpà yẹn ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi, ìlú tó jìnnà ló ń gbé, ó sì ti bí ọmọ mẹ́ta. Kó tó ra ohunkóhun, ó kọ́kọ́ pè é lórí fóònù, ó bi í pé kí ló ń ṣòro fún un jù. Ẹ̀gbọ́n mi ní ebi òru. Èmi tí mò ń gbé nítòsí, mi ò pè, mi ò bèèrè. Mo ní níbo ni ẹni tó fúnni wà nínú hámpà. Ó wà níbẹ̀ láago mẹ́ta òru, nígbà tí èmi ń sùn.

Síbẹ̀, ìwé gígé yẹn ṣì ń bí mi nínú. Páálí òfìfo yẹn náà. Mi ò ní gbà pé ó dáa kí wọ́n ta àlàfo fún èèyàn.

Kí n tó kúrò, mo ká ata mẹ́ta tó pọ́n lórí igi náà, mo họ ara funfun inú wọn kúrò, mo gé wọn sínú ọbẹ̀ tó wà lórí iná. Ẹ̀gbọ́n mi fi ọwọ́ kan jẹ ẹ́, òógùn bo imú rẹ̀. Ó nawọ́ sí omi, mo fún un ní wàrà, nítorí omi kì í ṣí capsaicin kúrò lẹ́nu bí wàrà ṣe ń ṣe é. Ó mu ún, ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Ata nìyí." Ọ̀rọ̀ méjì yẹn ni mo gbé relé.

Mo gbé igi ata náà padà. Mo gé gbòǹgbò tó ti jẹrà kúrò, mo fi èyí tó ṣì funfun sílẹ̀, mo gé ẹ̀ka rẹ̀ kù, mo sì gbé e sínú erùpẹ̀ tuntun tí kò tutù jù. Ata kì í ṣe ohun ọ̀gbìn ọdún kan. Bí òtútù kò bá pa á, igi kan lè máa so fún ọdún mélòó kan. Láàárọ̀ yìí mo fi èékánná họ ara igi náà díẹ̀, mo sì rí i pé ó ṣì tutù lábẹ́ èèpo. Mi ò tíì sọ fún ẹ̀gbọ́n mi. Mi ò mọ̀ bóyá ó fẹ́ kí n gbé e padà wá.

Ọ̀rẹ́ mi kan ń fẹ̀yìn tì lóṣù tó ń bọ̀, mo sì ti ṣèlérí ọ̀kan nínú ata méjì tó kù fún un láti ọjọ́ tó ti hù. Títí di àná, mi ò ṣiyèméjì. Ní báyìí mò ń rò ó bóyá kí n kúkú ká èso rẹ̀, kí n sá a gbẹ, kí n kó o sínú ìgò. Mi ò ní rì í tútù sínú òróró bí mo ṣe ń rí àwọn kan tí wọ́n ń ṣe é lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí ata tútù inú òróró tó jókòó síta lè di májèlé: kò sí afẹ́fẹ́ nínú òróró, ibẹ̀ gan-an sì ni kòkòrò àìfojúrí tó ń fa botulism, àìsàn májèlé inú oúnjẹ tó burú, fẹ́. Gbígbẹ kanlẹ̀ ló dá mi lójú. Ṣùgbọ́n ìgò ata gbígbẹ kì í yọ òdòdó, òdòdó yẹn sì ni mo fẹ́ kí ọ̀rẹ́ mi rí. Bí mo bá sì bi í pé èwo ló fẹ́, á ní èyíkéyìí tó bá wù mí, bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti fi nǹkan abẹ̀mí ta ẹlòmíì lọ́rẹ rí, ṣé ẹ kọ́kọ́ bèèrè ni, àbí ẹ kàn gbé e lọ?