Ẹ Wá Pápá fún Ajá Nílùú Ọ̀yọ́, Ẹ Fi Igbó Ọ̀yọ́-Ilé Sílẹ̀ fún Ẹtu

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan láìpẹ́ yìí, a rí ọmọkùnrin kan ní Ọ̀wọ̀dé tó fi wáyà iná àlòkù so ajá rẹ̀ mọ́rùn, tó ń fà á lọ létí títì. Ọlọ́kadà kan tẹ hóòn, ajá ta kìjí, wáyà wé ọmọ náà lẹ́sẹ̀, ó ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kòtò. Kó tó dìde, àwọn méjì ti ṣa òkò. Ajá náà ò bu ẹnikẹ́ni jẹ. Abẹ́ tábìlì alákàrà ló sá wọ̀, ó ń gbọ̀n.

Níbo ni kí ọmọ yẹn mú un lọ? Yàrá kan nínú ilé onílé, kò sí àgbàlá, orí ìso ni ajá á wà láti àárọ̀ dalẹ́. Wọ́n ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Àwọn tiwa nílùú yìí, kò síbi tí wọ́n ti máa kọ́ fèrè ọ̀hún.

Àwọn kan ní ṣebí igbó ńlá wà lọ́dọ̀ wa, ká máa mú ajá lọ síbẹ̀. Lóòótọ́, Ọ̀yọ́ níbí ni olú iléeṣẹ́ Old Oyo National Park, igbó Ọ̀yọ́-Ilé tí ìjọba ń dáàbò bò, wà, igbó náà sì fẹ̀ tó 2,512 kìlómítà níbùú lóròó. A ò fara mọ́ ọn rárá. Òórùn ajá nìkan lè lé ẹtu àti àgbọ̀nrín kúrò níbi tí wọ́n tọ́jú ọmọ sí, bí ajá náà tilẹ̀ wà lórí okùn. Àrùn tún wà ńbẹ̀. Lọ́dún 1994, distemper, àrùn tó wọ́pọ̀ lára ajá, pa nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn kìnnìún inú igbó Serengeti ní Tanzania. Igbó ẹranko Kruger ní South Africa kì í jẹ́ kí àlejò mú ajá wọlé. Àwọn òyìnbó England tó ń bá ajá sùn pàápàá, láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta títí di ọjọ́ 31 oṣù Keje, okùn tí kò ju mítà méjì lọ ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi mú un láwọn ilẹ̀ gbalasa tí òfin ṣí fún ará ìlú, nítorí ẹyẹ tó ń yé sílẹ̀.

Inú ìlú ni ká ti wá ibi tí ajá máa ti nasẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́ta ló pín Ọ̀yọ́: Àtìbà, Ìlà Oòrùn àti Ìwọ̀ Oòrùn. Kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ya igun pápá kan sọ́tọ̀, kí wọ́n fi wáyà yí i ká, kí omi ẹ̀rọ wà níbẹ̀, kí ẹni tí ajá rẹ̀ bá yàgbẹ́ sì fọwọ́ ara rẹ̀ kó o.

Ẹnu géètì gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹni tí kò bá ní káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi fún ajá rẹ̀, kó padà sílé. Nínú 100 èèyàn tí dìgbòlugi ń mú, nǹkan bí 99 ló jẹ́ pé ara ajá ló ti wá, àwọn onímọ̀ ìlera sì ní bí a bá gún 70 nínú 100 ajá àdúgbò labẹ́rẹ́, àrùn náà ò ní rọ́nà tàn mọ́. Ọdún mélòó la ti ń fi rédíò bẹ àwọn èèyàn pé kí wọ́n mú ajá lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko? Ọmọ tó bá fẹ́ kí Bíńgò òun sáré ní pápá á yọ bàbá ẹ̀ lẹ́nu títí wọ́n á fi lọ.

A ti ń gbọ́ ohùn àwọn tó máa ní iléèwé ò ní àga, ẹ ń sọ̀rọ̀ pápá ajá. Ó dáa. Ẹ bi ìyá tí ajá bu ọmọ rẹ̀ jẹ léèrè iye tó ná. Abẹ́rẹ́ ọmọ náà kì í ṣe ẹyọ kan, mẹ́rin sí márùn-ún ni, ẹyọ kan lọ́dún sì tó ajá.

Ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án ni gbogbo ayé yà sọ́tọ̀ fún ìgbógun ti dìgbòlugi. Kí àwọn alága káńsù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣí géètì lọ́jọ́ náà, kí dókítà ẹranko jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú abẹ́rẹ́.