Owó Sátẹ́láìtì Ò Pé Tí Owó Ilẹ̀ Ò Bá Sí Níbẹ̀

Ní Oṣù Kíní 2022, ọ̀kan nínú wáyà méjì tó gba abẹ́ òkun láti Svalbard, erékùṣù Norway tó wà ní àríwá ayé lọ́hùn-ún, wá sí ilẹ̀ Norway gan-an bàjẹ́. Orí òkè kan ní Svalbard yẹn, Platåberget lorúkọ ẹ̀, ni ọ̀pọ̀ sátẹ́láìtì ojú ọjọ́ ń já ẹrù wọn sí, ìyẹn àwòrán àti ìsọfúnni tí wọ́n kó jọ lókè, ti NOAA, àjọ tó ń rí sí ojú ọjọ́ ní Amẹ́ríkà, wà ńbẹ̀, ti EUMETSAT, àjọ sátẹ́láìtì ojú ọjọ́ ní Yúróòpù, náà wà ńbẹ̀, wáyà yẹn ló sì ń gbé ẹrù náà jáde. Wáyà kejì ló gbé gbogbo iṣẹ́ yẹn. Ká ní wọ́n ti sọ nígbà tí wọ́n ń fi wáyà sílẹ̀ pé ọ̀kan ti tó, pé káwọn dín owó kù, kí là bá máa sọ báyìí?

Ohun tó ń dùn wá nìyẹn. Tí wọ́n bá ń yin sátẹ́láìtì sókè, gbogbo ayé á jókòó ti tẹlifíṣọ̀n, àtẹ́wọ́ á sọ, àmọ́ tó bá kan owó àtiṣe ibùdó orí ilẹ̀, ìyẹn ántẹ́nà àti kọ̀ǹpútà tó máa gbọ́ ohun tó ń wí, ńṣe ni kálukú á máa wojú ara wọn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Sátẹ́láìtì tó ń gba àríwá àti gúúsù ayé kọjá máa ń yípo ní bíi ìṣẹ́jú 100. Tó bá yọ, ántẹ́nà tó wà nínú ilé funfun roboto bíi bọ́ọ̀lù á máa yí tẹ̀lé e díẹ̀díẹ̀, láti ibi tó ti yọ títí dé ibi tó ti máa wọ̀, gbogbo ẹ̀ ò ju bíi ìṣẹ́jú 10 sí 15 lọ, ó ti lọ nìyẹn. Tí mọ́tò ántẹ́nà bá há lásìkò yẹn, tí ibùdó míì ò sì sí nítòsí, ó di ìgbà tó bá tún yípo dé, ìjì ò sì ní dúró dè é. Ìdí tí wọ́n fi lọ gbé ántẹ́nà sí McMurdo ní Antarctica náà nìyẹn, kí ẹrù lè máa já ní àríwá àti ní gúúsù ayé. Owó gidi ni, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹrù ọ̀hún sì ń pọ̀ sí i. GOES-16, sátẹ́láìtì ojú ọjọ́ Amẹ́ríkà tí wọ́n yìn sókè ní 2016, lè fi oríṣi ìtànṣán 16 wo ayé, 5 péré làwọn tó wà ṣáájú ẹ̀ ń lò. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ tó wà ní ibùdó ilẹ̀ ò lè gbé ìyẹn, pàápàá èyí tí ilé iṣẹ́ ò ṣe páàtì ẹ̀ mọ́, tẹ́ni tó mọ inú sọ́fítíwíà ẹ̀ sì ti fẹ̀yìn tì.

Àwọn tó ń bójú tó ibùdó á ní kọ̀ǹpútà àtijọ́ ṣì ń ṣiṣẹ́, ẹ má fọwọ́ kàn án. A mọ ẹ̀rù tó ń bà wọ́n, àmọ́ ẹ jẹ́ kí tuntun àti àtijọ́ jọ ṣiṣẹ́ fóṣù mélòó kan ná, kẹ́ ẹ tó pa àtijọ́. Ẹ má sì kó gbogbo ẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo.

Ìjọba tó bá tún fẹ́ fọwọ́ síwèé sátẹ́láìtì, kó kọ iye tí ibùdó ilẹ̀ máa ná sínú ẹ̀ fún gbogbo ọdún tí nǹkan ọ̀hún máa lò lókè, kó sì kọ orúkọ ibùdó tó máa gba iṣẹ́ tí àkọ́kọ́ bá dákẹ́. Ìwé tí méjèèjì ò bá sí nínú ẹ̀, kí wọ́n dá a padà.