Ẹ má rọ́ páálí mọ́ èèpo iṣu mọ́

Ẹ̀yin ará Èkó, ọ̀rọ̀ páálí yìí ń dùn mí gan-an o. Páálí Indomie, páálí tẹlifíṣọ̀n, ìwé táwọn ọmọ ti kọ tán, gbogbo ẹ̀ la máa ń rọ́ sínú báàgì kan náà pẹ̀lú èèpo iṣu àti ọbẹ̀ tó ti kan, òjò á tún pa á níwájú géètì, kó tó dé ààtàn ó ti bàjẹ́ pátápátá.

Bẹ́ẹ̀ páálí gbígbẹ lọ́jà o! Àwọn oní-bárò á ṣà á lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á tà á ní kílò fẹ́ni tó ní òṣùwọ̀n, ìyẹn á kó o jọ á dì í, trélà á gbé e lọ sílé iṣẹ́, wọ́n á rẹ ẹ́ sómi, wọ́n á pò ó bí ẹ̀kọ, wọ́n á yọ pínnì, téèpù àti náílọ́ọ̀nù kúrò, ó di páálí tuntun tàbí tísù. Àmọ́ tí epo bá ti wọ̀ ọ́, fọ́nrán ẹ̀, ìyẹn àwọn okùn tín-ín-rín inú ẹ̀, ò ní lẹ̀ mọ́ra dáadáa mọ́. Èyí tó tutù náà á bu, ẹni tó fẹ́ rà á á já owó ẹ̀ wálẹ̀, ẹni tó ṣà á nínú oòrùn ló máa jẹ ìyà ẹ̀.

Ohun tó ká mi lára jù ni pé ìwé ò ṣeé tún lò títí ayé. Tó bá ti tó bí ìgbà 5 sí 7, fọ́nrán ẹ̀ á ti kúrú jù, àfi kí wọ́n fi ti igi tuntun sí i. Igi tiwa dà? Ìjọba gbin igi gmelina sínú igbó ọba tí wọ́n ń pè ní Ọmọ nítorí ilé iṣẹ́ ìwé Ìwópin ní ìpínlẹ̀ Ògùn, wọ́n dá ti Jẹ́bà ní Kwara àti Oku Iboku ní Akwa Ibom sílẹ̀, wọ́n ti tà wọ́n, síbẹ̀ òkè òkun la ṣì ń ti kó ọ̀pọ̀ ìwé táa fi ń tẹ̀wé wọlé. Ká wá máa fi ìwọ̀nba tó wà nílẹ̀ ṣòfò? Ṣáínà tó ń ra ọ̀pọ̀ pépà àlòkù ayé tẹ́lẹ̀ ti kọ èyí tí wọn ò ṣà sọ́tọ̀ láti 2018 torí ìdọ̀tí, nígbà tó fi di 2021 wọn ò gba pàǹtí ilẹ̀ òkèèrè wọlé mọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ so àpò ìrẹsì kan sẹ́yìn kíṣìnnì, páálí àti ìwé gbígbẹ nìkan ni kẹ́ ẹ máa kó sí i. Ẹ̀yin lándílọ́ọ̀dù, tí oní-bárò bá dé géètì, ẹ má lé e bí olè, ẹ pè é wọlé kó wá gbé e.